Ó Ti Pọ̀

Òtútù oṣù keje ní Johannesburg kì í ṣe ohun tí ènìyàn í fẹnu sọ. Ó gbẹ bí eérú, ó sì máa ń gba àárín aṣọ mẹ́ta wọlé tọ egungun lọ. Síbẹ̀, kó tó di aago márùn-ún ìdájí ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, àwọn aláìsàn ti tò sẹ́bàá ògiri kíliníìkì ìjọba kan tí kò jìnnà sí Yeoville, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí, ọmọ lẹ́yìn, káàdì lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn yóò fi kan ògiri náà, wọ́n ti lé ní igba.

Adéṣọlá ló ń ṣọ́ yàrá oògùn níbẹ̀. Bí a bá fẹnu sọ iṣẹ́ rẹ̀, kò le: kó ka ohun tó wà lórí pẹpẹ, kó kọ ọ́ sínú káàdì, kó kọ̀wé sí sítọ́ọ̀ ńlá ìjọba ní òpin oṣù, kó sì pín ohun tí wọ́n bá gbé wá fún àwọn ènìyàn láti ojú fèrèsé kékeré onírin kan. Ohun tí kì í wá ló le. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó béèrè ogójì ìgò oògùn olómi tí àwọn ọmọ tó ní wárápá ń mu. Mẹ́wàá ni wọ́n gbé wá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún béèrè ogójì. Wọ́n gbé mẹ́rin wá. Ó pè wọ́n lórí fóònù, ọkùnrin tó gbé e sì dáhùn pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ti jẹun:

"Sisi, ìwé yín wà níwájú mi. Mẹ́wàá péré lẹ lò lóṣù tó kọjá. Kí lẹ fẹ́ fi ogójì ṣe?"

Mẹ́wàá ni wọ́n lò nítorí pé mẹ́wàá ni wọ́n fún wọn! Ọmọ tí wọ́n bá dá padà láìgba oògùn, kò sí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí nínú ìwé ìjọba. Lójú ìwé, kò wá. Bí kò bá wá, a jẹ́ pé ara rẹ̀ le. Báyìí ni òfo ṣe ń bí òfo, tí pẹpẹ ń gbẹ, tí ìwé sì ń dán.

Àwọn tí kò sí nínú ìwé wọ̀nyí ni wọ́n máa ń bá Adéṣọlá délé. Bó bá ń fọ abọ́, wọ́n á dúró tì í. Bó bá ń di irun ọmọ rẹ̀, á ṣì máa ka orí tiwọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kí ni yóò wí? Pé àwọn alààyè ń dààmú òun bí òkú?

Ìgò kan ṣoṣo ló kù lórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Damaris dé ojú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tí iwájú orí rẹ̀ kún fún àpá, tuntun lórí àtijọ́. Damaris kàn ti káàdì rẹ̀ gba abẹ́ irin wọlé.

Adéṣọlá nawọ́ sí pẹpẹ, ó sì rántí ilé. Ọmọ tirẹ̀ náà, Ọláìtán, ọmọ ọdún méje, oògùn yìí ló ń mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Káàdì tirẹ̀ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ yìí bíi ti ọmọ gbogbo ayé. Ó ní kí Damaris ṣe sùúrù. Ó bọ́ sẹ́yìn pẹpẹ, ó pe ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti Iléṣà wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbé fóònù.

"Hẹ́lóò? Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìgò oògùn Ọláìtán tó wà lórí fíríìjì. Báwo ló ṣe kù sí?"

Ó gbọ́ ìró sálúbàtà Màmá, ó lọ, ó bọ̀.

"Ó ti pọ̀, ìyàwó mi."

"Ó pọ̀?"

"Ó ti pọ̀ o. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì wò ó dáadáa."

"Háà, Ọlọ́run ṣeun! Ẹ ṣé, Mà."

"Ọlọ́run ṣeun bíi ti báwo?" ni Màmá ń béèrè, ṣùgbọ́n Adéṣọlá ti pa fóònù.

Ó gbé ìgò náà fún Damaris. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ń wí pé, "Eish, sisi. Eish," bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Adéṣọlá kọ òdo sínú káàdì pẹpẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ parí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Aago méjì ni wọ́n máa ń ṣíwọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé wọn wà ní àjà kejì ilé bíríkì pupa kan lẹ́yìn Rockey Street. Nígbà tó wọlé, Màmá ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo funfun ti ìlú yẹn lórí iná, ó ń rò ó bí ẹni tó ń bá a jà, torí ó ní ìyẹ̀fun náà kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní morogo ń hó nínú ìkòkò kejì.

"Ẹ kú ilé, Mà."

"Káàbọ̀, ìyàwó mi. Gbé e wá, kí n fi síbi tí ọmọ kò ní í dà á nù."

"Kí ni, Mà?"

"Oògùn ni. Àbí kí lo lọ mú bọ̀?"

Adéṣọlá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó ti pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pọ̀. Láàárọ̀ ni Akínbọ̀wálé fún un ní ẹ̀kán tó kẹ́yìn. Àní mo dorí ìgò kodò, kò kán."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú Adéṣọlá nígbà tó gbé ìgò orí fíríìjì. Ó fúyẹ́. Ó tún gbé e padà jẹ́jẹ́, bí ẹni pé bí òun bá rọra ṣe é, yóò wúwo.

Ṣé ẹ rí i, ní agbo ilé tí Màmá ti dàgbà, wọn kì í la ẹnu sọ pé nǹkan tán. Iyọ̀ kì í tán, gààrí kì í tán, epo kì í tán. Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ wo kòlọ̀bọ̀ iyọ̀, tó bá òfo níbẹ̀, yóò padà wá wí pé ó ti pọ̀, àgbà yóò sì wá owó iyọ̀. Ọmọ Ṣúrùlérè ni Adéṣọlá ní tirẹ̀. Nílé wọn, bí nǹkan bá tán, ó tán náà nìyẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti di ìyàwó wọn. Ó ti gbọ́ ọ nípa iyọ̀, ó ti fi rẹ́rìn-ín nípa gààrí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé èdè iyọ̀ yóò dé orí oògùn. Ọmọ tí wọ́n tún sọ ní Ọláìtán! Ìyá àgbà wo ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ so "tán" mọ́ nǹkan ọmọ bẹ́ẹ̀?

"Màmá," ni ó wí, "ìgò kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo kíliníìkì. Mo ti gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ọmọrogùn.

"Ó dáa," ni Màmá wí níkẹyìn, irú ó dáa tí kò dáa.

Bẹ́ẹ̀ ni Akínbọ̀wálé, ọkọ Adéṣọlá, wọlé, àpò ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́jìká. Ní yunifásítì ní Braamfontein ló ti ń kọ́ni ní ìtàn. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Adéṣọlá! Ìwọ náà mọ bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀!"

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo fún un mu láàárọ̀. O rí ìdí ìgò. Ẹnu rẹ ńkọ́?"

"Mo rò pé o mọ̀ ni. Kì í ṣe ìwọ lò ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ni? Ta ló ń sọ fún ẹni tó ń gbé etí odò pé omi tán nínú—"

"Akínbọ̀wálé!" ni Màmá ké. "Ẹnu rẹ!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yín yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

"Èmi? Èmi tí n kò mọ ọ̀nà ilé ìtajà nílùú yín?" Màmá yí sí ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju igbe lọ. "Ìyá Ọláìtán, o ti wà nídìí oògùn yìí láti ọdún wo? O kò lè mú ìgò kan pamọ́? Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ la fi í bò ó jẹ."

"Iṣu yẹn kì í ṣe tèmi, Mà."

"Ta ló wá ni ín? Ìjọba? Ṣé ọmọ ìjọba ló ń ṣubú?"

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tawakalit ni, tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó ń dirun fún àwọn ènìyàn ní Rockey Street. Ó mú abọ́ kékeré kan dání tí gbogbo wọn mọ̀ pé àwáwí ni.

"Ẹ kú ilé o. Ata gígún díẹ̀ ni mo ní kí n tọrọ. Ẹ má bínú, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń dárúkọ oògùn. Ṣé kò sí náà ni? Ẹ̀yin ló tún sàn. Ní kíliníìkì tèmi, oṣù kejì rèé tí mi ò rí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbà. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ ló ń tà á lẹ́yìn." Ó wo Adéṣọlá. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí o, Àǹtí."

"Mo mọ̀," ni Adéṣọlá wí.

"Irú oògùn wo tilẹ̀ ni?"

"Ti ikọ́ ni," ni Màmá yára dáhùn. "Ikọ́ ń yọ ọmọ lẹ́nu."

"Ikọ́! Ikọ́ ni gbogbo ariwo yìí? Oyin àti òroǹbó náà ni, Màmá, kó mu ún ní gbígbóná."

"Grandma, I don't have a cough."

Ọláìtán ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ iléèwé. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti dúró níbẹ̀. Tawakalit wo ọmọ náà, ó wo àpá tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó wo abọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Màmá bu ata sínú rẹ̀, obìnrin náà sì kí wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Daddy, am I going to fall again?"

"No, my darling," ni Akínbọ̀wálé wí. Ìdáhùn náà yá jù.

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Ọláìtán kò rí i mu. Orí àtẹ̀gùn ilé yìí ló ti ṣubú, ọjọ́ márùn-ún ló sì lò lórí ibùsùn ọsibítù kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni yóò tún mu ún lónìí. Aago méjì ààbọ̀ ti lù.

Akínbọ̀wálé sáré lọ sí ilé oògùn méjèèjì tó wà ní Rockey Street. Ó padà lọ́wọ́ òfo: wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ni kò kó o wá, àwọn náà ń retí. Adéṣọlá ti jókòó ti fóònù ní tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ oògùn ní kíliníìkì ní òfin kan láàárín ara wọn: bí pẹpẹ rẹ bá gbẹ, yá lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ, kí o dá a padà tí tìrẹ bá dé. Ó pe márùn-ún. Kò sí. Ẹni kẹfà ni Kingsley, ọmọ Warri kan tó wà ní kíliníìkì kan ní ìhà Randburg.

"Adé, my sister! How far? Na only one remain for here o. Make you come before four. After four, I no fit promise."

"Kingsley, jọ̀ọ́, mú un dè mí."

"I go hold am. But run come."

Ó wọ taxi, ọkọ̀ akérò kékeré ìlú náà, lọ sí àárín ìlú, ó wọ òmíràn lọ sí Randburg. Ó dà bí ẹni pé gbogbo iná ojú pópó Johannesburg, tí wọ́n ń pè ní robot, ló gbìmọ̀ pọ̀ láti pọ́n lójú rẹ̀. Nígbà tó ké sí awakọ̀ pé "Short left!" kó lè já òun sílẹ̀, tó sì bọ́ sílẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù.

Bàbá àgbà kan ló wà lójú fèrèsé Kingsley, ó dé fìlà onírun, ó di ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́ mú. Kingsley gbé ojú sókè, ó rí Adéṣọlá láti orí èjìká bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló ti káàdì bàbá padà gba abẹ́ irin.

"Uphelile umuthi, mkhulu," ni ó sọ fún un ní Zulu: oògùn kò sí mọ́, bàbá àgbà. Kó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá náà wo pẹpẹ tó wà lẹ́yìn Kingsley, ó wò ó pẹ́, bí arìnrìn-àjò tí í wo ojú ọ̀run. Ó kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹ orí ba.

"Siyabonga, ndodana."

Ó dúpẹ́! Ọdún mélòó ni Adéṣọlá ti fi ń gbọ́ irú ọpẹ́ yìí láti inú lọ́hùn-ún, tí irin wà láàárín òun àti ẹni tó ń dúpẹ́? Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá. Ọmọ náà lẹ báńdéèjì mọ́ àgbọ̀n. Ibẹ̀ náà ni irú àwọn ọmọ yìí máa ń fi balẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Àwọn àgbà ní ojú ní í rójú ṣàánú. Adéṣọlá wo bàtà ara rẹ̀.

Kingsley ti gbé ìgò náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó ti fi ìwé ìròyìn wé e.

"Put am for bag. Quick."

"Kingsley, ṣé oògùn kan náà ni bàbá yẹn..."

"Adé." Ó wò ó, kò sì sí ìkà lójú rẹ̀, àárẹ̀ nìkan ni. "You want am, abi you no want am?"

Ó gbà á. Kingsley kọ ọ́ sínú káàdì pẹpẹ rẹ̀ pé ọ̀kan lọ sí kíliníìkì Adéṣọlá. Adéṣọlá ka ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí iṣẹ́ ti kọ́ ọ láti máa kà á. Bàbá náà kò sí nínú ìwé náà.

Nígbà tó fi débi tí taxi ń dúró sí, wọ́n ti wà níbẹ̀, bàbá àti ọmọ náà. Ó fẹ́ jẹ́ kí taxi yẹn lọ, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìjókòó ẹ̀yìn ló kù. Bàbá wọlé, ọmọ tẹ̀ lé e, Adéṣọlá jókòó tì wọ́n. Wọn kò tíì jìnnà tí oorun fi gbé ọmọ náà lọ. Orí rẹ̀ rọra yẹ̀, ó sinmi lórí àpò Adéṣọlá, gẹ́rẹ́ ibi tí ìgò náà wà. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti ṣe gegele, ìgò á kan kọ́kọ́rọ́ ilé, á dún kín-ín, ọmọ náà á sì tún orí ṣe.

"Fún mi, kí n gbé e," ni bàbá wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Rárá, Bàbá. Kò wúwo."

"O ṣeun, ọmọ mi." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Mo rí ọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tìrẹ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n fún un?"

Adéṣọlá mi orí. Kí ó tó mọ ọ̀nà tí orí òun mì sí, bàbá náà ti ń mi orí tirẹ̀ pẹ̀lú àánú.

"Háà. Ó máa dáa. A ó tún ríra ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Nígbà tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ ní àárín ìlú, bàbá jí ọmọ náà, ó ní kó kí àǹtí pé ó ṣeun tó fi àpò rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un. Ọmọ náà kí i.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́fà lù nígbà tó ti ilẹ̀kùn ilé. Akínbọ̀wálé gba ìgò, ó tú ìwé ìròyìn ara rẹ̀, ó fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa oògùn náà, ó wò ó lójú iná lẹ́ẹ̀mejì. Ọláìtán ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ó gbé e mì, ó fajú ro, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Akínbọ̀wálé kò béèrè bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kan èjìká Adéṣọlá bó ti ń kọjá lọ, ọwọ́ náà fẹ́ dúró, kò dúró.

Màmá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo náà ti gbọ́ Yorùbá níkẹyìn. Ó dì, ó ń dán. Wọ́n jókòó. Màmá di ọwọ́ ọmọ mú ní apá kan, ó di ti ìyàwó rẹ̀ mú ní apá kejì, ó sì di ojú.

"Ọlọ́run, a dúpẹ́ tòní."

"Àmín."

"Ohun tí àwọn ènìyàn ń wá káàkiri tí wọn kò rí, ìwọ lo fi lé wa lọ́wọ́. Má gbà á padà."

"Àmín."

"Níbi tí wọ́n bá ti ń dá ọmọ ẹlòmíràn padà lọ́wọ́ òfo, wọn kò ní í dá tiwa padà."

"Àmín," ni Akínbọ̀wálé wí. "Àmín," ni ọmọ wí.

Màmá kò la ojú. Kò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ tó dì mú.

"Ìyá Ọláìtán, n kò gbọ́ àmín tìrẹ."

Ẹ̀fúùfù òtútù ń ti fèrèsé. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń fọn fèrè taxi, ó ń pe àwọn tó ń lọ sí ìlú.

"Mummy, say it," ni Ọláìtán wí. "I'm hungry."

"Àmín," ni Adéṣọlá wí.

Màmá sì ṣí ìkòkò ọbẹ̀.